Òwú Inú Abọ́ Tánganran

Ìṣẹ́gun, 14 Dìsẹ́ńbà 1943

Wọ́n ní kí n jókòó. Èmi Sèlíátù, tí n kò jókòó láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Bouaké, wọ́n ní kí n na ẹsẹ̀ sórí àpótí kí n máa wo ògiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé yìí. Bàbá mi yọ mí kúrò nílé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ mí, mo ti mọ ìwé kọ.

Ẹsẹ̀ òsì ni. Òróró tí a fi ń dín ẹran Iléyá ló dà sí i, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ààrò ló yẹ̀, kò sí ẹni tí mo fẹ́ dá lẹ́bi. Ẹran náà jóná pẹ̀lú, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹran Iléyá kì í ṣe ohun tí à ń dà nù.

Ọlábọ̀dé, ará Kétu tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ló ń wá fọ̀ ọ́ fún mi nílé. Ó ní kò sí báńdéèjì lọ́dọ̀ àwọn láti ìgbà tí ogun ti le. Òwú tí wọ́n ń fipá mú àwọn Baúlé onílẹ̀ gbìn wà ní ìdíkọ̀ ojú irin, àpò lórí àpò, a kò sì rí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan fi di egbò nínú ìlú yìí. Àlòkù aṣọ ni a fi ń dì í. Bí ó bá ti gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ara. Bí a bá ń ṣí i, gbogbo ohun tó ti fẹ́ san á bá a lọ. Mo ké lónìí, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Inú ń bí mi pé wọ́n gbọ́.

Jímọ̀, 17 Dìsẹ́ńbà

Dókítà òyìnbó wá fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá bá Ọlábọ̀dé sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọlábọ̀dé kò kọ́kọ́ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe wà.

Dókítà ń lọ yí abúlé ká lọ́hùn-ún, Marabadiassa àti àwọn tó tẹ̀lé e. Yóò padà kí oṣù Fẹ́búrúárì tó tán. Bí egbò náà kò bá tíì máa pa ẹnu dé nígbà náà, yóò gé ẹsẹ̀ náà lórúnkún kó tó ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo ní kí Ọlábọ̀dé sọ fún un pé mo gbọ́. N kò ní kó sọ fún un pé mo gbà.

Àìkú, 19 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là.

Mọ́nsúrátù, ìyàwó kékeré ọkọ mi, ló ń bá mi jókòó ti àtẹ fínígà mi, omi kíkan tí òyìnbó fi ń jẹun, lọ́jà. Ó ń wọn ọ̀pọ̀ jù fún àwọn kúùkù òyìnbó nítorí pé wọ́n ń kí i pẹ̀lú ẹ̀rín. N óò bá a sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Lónìí ó ń sẹ́ fínígà tuntun sínú ìgò níwájú ilé, ó ká awọ tó máa ń bo ojú rẹ̀, ó sọ ọ́ fún adìẹ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ọlábọ̀dé ń wọlé bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbà á lẹ́nu adìẹ, ó fọ̀ ọ́, ó sì ń wò ó sí ọ̀nà oòrùn.

Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ní Dakar, olùkọ́ àwọn gbé irú rẹ̀ wá nínú ìgò. Ó ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí ló ń hun ún, wọ́n ń jẹ ṣúgà, wọ́n sì ń fi í hun aṣọ bora. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń hun ún kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú òwú. Sẹlulósì lòyìnbó ń pè é.

Mo ní, “Òwú wo?”

Ó ní, “Òwú tí ẹ mọ̀ yìí náà, Ìyá. Ọ̀kan náà ni wọ́n.”

Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pọn fínígà tà fún àwọn Kórà oníṣọ́ọ̀bù àti kúùkù òyìnbó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ òwú fún adìẹ.

Mo bi í bóyá ó máa ń lẹ̀ mọ́ egbò. Ó ní òun kò mọ̀, olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ egbò fún àwọn, òun kò sì ní fi ohun tí òun kò mọ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹni tí dókítà fi sílẹ̀ fún òun. Mo ní ta ló ni ẹsẹ̀ náà. A fa ọ̀rọ̀ náà títí omi tó fẹ́ fi fọ̀ mí fi tutù. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n sè é dáadáa, kí àwọn fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lápá ìsàlẹ̀, níbi tí òun á ti lè máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 22 Dìsẹ́ńbà

A ṣí i. Kò lẹ̀. Ó ṣí kúrò bí awọ tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin sísè, abẹ́ rẹ̀ pupa, ó mọ́, kò sì rùn. N kò ké. Níbi tí àlòkù aṣọ wà, mo tún ké.

Ọlábọ̀dé wò ó títí. Ó ní, “Ìyá, mélòó lẹ ní?”

Ẹyọ kan yẹn náà ni. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, kò sì bo ju ìka méjì lọ.

Àbámẹ́ta, 25 Dìsẹ́ńbà

Aago ilé ìjọsìn àwọn Fàdá ń dún láti àárọ̀. Èmi ń ronú ìkòkò.

Ojú fínígà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án nìkan ni awọ yìí ti ń hù. Ìkòkò mi jìn, ẹnu rẹ̀ sì kéré. Bí mo bá pọn fínígà tó kún agbami, awọ tí n óò rí kò ní ju ẹnu ìkòkò lọ. Ohun tó fẹ̀ tí kò jìn ni mo ń fẹ́. Kí ni ọkọ mi sì ń tà lọ́jà bí kò ṣe abọ́ tánganran fífẹ̀?

Mo bẹ ọkọ mi, Bàbá Àmínù. Ó fún mi ní àwọn tó ti bó létí, tí ẹnikẹ́ni kò ní rà. Mo dúpẹ́. Ó ti tètè yá jù láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀.

Ajé, 3 Jánúárì 1944

Ibi tí abọ́ ti bó ni irin ti yọ, fínígà sì jẹ irin náà. Awọ tó hù sínú wọn pupa, ó ń rùn bí ìṣó. Ọlábọ̀dé kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo tún pe Bàbá Àmínù. Mo ní àwọn abọ́ rere ni mo ń fẹ́, àwọn tó wà nínú koríko tí wọ́n fi kó wọn wá, tí kò tíì tú. Ó jókòó. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó abọ́ wọ Abidjan, pé ìwọ̀nyẹn ni ìgbẹ̀yìn ọjà òun.

Mo ní, “Ẹsẹ̀ yìí náà ni ìgbẹ̀yìn tèmi, Bàbá Àmínù. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó òmíràn bọ̀.”

Ó jáde. Nígbà tó yá ó gbé wọn wọlé fúnra rẹ̀, ó ń fi apá agbádá nu eruku ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fa ọmọ fún ọkọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Jánúárì

Ó bu. Gbogbo rẹ̀. Ó hu irun àwọ̀ ewé.

Àbámẹ́ta, 8 Jánúárì

Mo ti rí ìdí rẹ̀. Mọ́nsúrátù ni, kò sì ṣẹ̀. Kí ó tó da omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú abọ́, ó máa ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa ké. Ìmọ́tótó ni ìgbéraga rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ eérú ló wà nínú ọṣẹ, eérú a sì máa pa kíkan. Ohun tí ń bu ounjẹ kò fẹ́ràn kíkan. A lé ọlọ́dẹ kúrò, a wá ń bínú pé olè wọlé.

Láti òní, fínígà àtijọ́ ni a ó máa fi ṣan abọ́, a ó sì máa bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun kó lè kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Awọ àtijọ́ kékeré kan ni a ó sì máa fi lé e lójú bí irúgbìn.

Mọ́nsúrátù ní, “Ìyáàlé mi, ẹ fẹ́ kí n fi ìdọ̀tí fọ ìdọ̀tí.” Ó bínú títí di àsìkò oúnjẹ. Mo fún un ní ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ mi.

Ìṣẹ́gun, 11 Jánúárì

Kò bu mọ́. Ó ń hù. Ṣùgbọ́n ó ń hù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, bí ojú ewé ìwé, bí a bá gbé e, á tú sí wa lọ́wọ́. Gbogbo abọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ti da gbogbo ṣúgà ìpín wa sí i tán. Egbò náà wà bó ṣe wà, ibi tí mo rí awọ fi bò nìkan ló ń san, bí erékùṣù láàárín omi. Mo bú Ọlábọ̀dé lónìí láìnídìí, ó sì jẹ́ kí n bú òun tán kó tó fọ ẹsẹ̀.

Jímọ̀, 14 Jánúárì

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àáfà Hàmídù wá. Àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú ní Dárèsálámù, àdúgbò wa, gbogbo àwa Anago inú ìlú sì ń gbọ́ tiwọn. Wọ́n wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n kí mi kú ìfaradà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn kan ti wá sọ fún àwọn pé ilé Yísà, ọkọ mi, ń rùn bí ilé ọlọ́tí.

Mo ní òótọ́ ni. Omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń hó, ó sì máa ń rùn bẹ́ẹ̀ kó tó kan. Kò sí ẹni tó ń mu ún nínú ilé yìí.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mímu kọ́, ọ̀rọ̀ wíwà nínú ilé Mùsùlùmí ni. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí a dà á nù, kí a gbé ẹsẹ̀ mi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Mo ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀. Mo ní kí Àáfà tún un sọ lójú ẹsẹ̀ náà.

Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú padà, wọ́n sì wò ó, mo gbóríyìn fún wọn nítorí ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò lè wò ó. Wọ́n bi mí bóyá kò sí ọ̀nà tí omi náà lè fi kan láìkọ́kọ́ hó bí ọtí. Mo ní ohun tí a ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn, pé a ń da kíkan àtijọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí Mọ́nsúrátù bu díẹ̀ wá. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n tọ́ ọ wò, ojú wọn sì fún pọ̀. Wọ́n ní fínígà ni, pé Ànábì yin fínígà, pé ẹni tó bá ní ìbéèrè ní mọ́sáláṣí kó wá bá àwọn.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, “Sèlíátù, o kò béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní, “Àáfà, bí mo bá béèrè, ẹ ò bá ní kí n má ṣe é.”

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní òótọ́ ni.

Ajé, 17 Jánúárì

Mo ti rí i. Mo ti rí i, mo ti rí i.

Adìẹ wa kan ń sàba lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn abọ́ ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó sì burú débi pé á ṣá ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ síbẹ̀. Mọ́nsúrátù ti jọ̀wọ́ abọ́ náà fún un. Lónìí mo ní kó fi igi ti adìẹ sẹ́yìn kí a wo ohun tó wà níbẹ̀. Awọ kan ṣoṣo ló bo gbogbo ojú abọ́, odindi, kò tú, ó nípọn tó ìka mi kékeré. Mo gbé e sókè, omi ń kán lára rẹ̀, kò ya.

Mo bi Mọ́nsúrátù ohun tó ṣe sí i. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, pé adìẹ ni kò jẹ́ kí òun máa gbé e jáde pẹ̀lú àwọn yòókù.

Mo ní, “Gbé e jáde lọ síbo?”

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ló ń gbé àwọn abọ́ wá síwájú ilé pẹ̀lú ọjà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń kó wọn wọlé. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń ṣe, èmi gan-an ìbá ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹsẹ̀ mi bá dá ṣáṣá. Ta ni nínú wa tó ń fi ọjà sí yàrá nígbà tí oòrùn ti yọ? Gbogbo ìgbà tó bá gbé e, omi á mì, awọ á rì díẹ̀, àwọn ahunṣọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lókè. Ọmọ oníṣòwò ni wá, a kò mọ ohun tí ń jẹ́ kí nǹkan jókòó.

Gbogbo abọ́ ti wọ ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí iná ń mú lọ́wọ́ọ́wọ́, níbi tí ọyẹ́ kò ti lè dé wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, èmi àti onítọ̀hún ni.

Ọlábọ̀dé ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ mi, pé mo ń dìde rìn kiri ilé bí kò bá sí ẹni tó ń wò mí, pé awọ tó bá fi lé e ń yẹ̀. Ta ló sọ fún un? Mọ́nsúrátù ni. Ó dára. N óò jókòó.

Ọjọ́rú, 26 Jánúárì

Mo jókòó. Kò sí ohun tó le tó o.

Obìnrin Baúlé kan tó ń gbé oyin wá láti Bodokro ti ń tà fún wa ní ẹ̀yìn ilé, oyin dúdú tó kún fún èérún. A fi oyin dípò ṣúgà, awọ sì hù ju ti ṣúgà lọ. Mo rántí pé Ọlábọ̀dé ní àwọn ahunṣọ náà ń fẹ́ nǹkan mìíràn pẹ̀lú dídùn, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Mo dán omi ẹ̀wà wò, ó rùn. Mo dán omi ọsàn wò, kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo bu tíì aláwọ̀ ewé Bàbá Àmínù, èyí tó kù sí ìsàlẹ̀ agolo tó ń pa mọ́ fún àlejò, mo sè é, mo jẹ́ kó tutù, mo dà á sí abọ́ méjì.

Abọ́ méjì yẹn ti ta àwọn yòókù yọ. Awọ wọn nípọn tó àtàǹpàkò, àwọn yòókù kò sì tó ìdajì.

Bàbá Àmínù wá tíì lónìí. Mo ní mo ti fi í wọ ẹsẹ̀. Ó wo agolo náà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní òun rò pé àlejò ni òun tọ́jú rẹ̀ fún. Mo ní àlejò náà ti dé.

Ọjọ́bọ̀, 27 Jánúárì

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ni àwọ̀ pípọ́n àti òórùn tó wà lára awọ náà bí a bá ti gbé e jáde. Mọ́nsúrátù ní òun kò ní sọ nǹkan kan mọ́ nínú ilé yìí nípa fífọ nǹkan. Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní kí a fi omi eérú sè é, bí a ti ń se aṣọ tó dọ̀tí. A sè é. A ṣàn án nínú omi tútù títí kò fi yọ̀ mọ́. Ó funfun, ó mọ́ gaara, kò rùn rárá. Ohun tó ba abọ́ jẹ́ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ló tún un ṣe ní ìgbẹ̀yìn. Mọ́nsúrátù rìn kiri ilé bí ìyàwó kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú yìí.

Ọlábọ̀dé fi mẹ́ta bo ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Iléyá, kò sí àlòkù aṣọ lára mi. Mo sọkún, ṣùgbọ́n ẹkún mìíràn ni.

Àbámẹ́ta, 5 Fẹ́búrúárì

Ìbínú ni mo fi ń kọ èyí.

A sá awọ márùn-ún sórí okùn kí omi lè ro kúrò lára wọn, ó sì hàn láti òde, ó funfun báláú. Gáádì kọ̀máńdà kan wọlé láìkí wa. Èdè Júlà ló ń sọ. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé àwọn Anago ilé yìí ń fi òwú kọ̀máńdà pamọ́, òwú tó yẹ kó wà lórí ìwọ̀n.

Mo ní kì í ṣe òwú. Ó ní kí ni. Mo ní awọ ojú fínígà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Anago rò pé gbogbo ayé ló gọ̀. Ó fa gbogbo wọn já lórí okùn. Ó wọ ilé ìdáná, ó ki ọwọ́ bọ abọ́ láti wá ohun tí a rì sábẹ́ omi, nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó ń dojú wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìdáná di adágún. Ó kan abọ́ ti kọ̀rọ̀, adìẹ sì fò sí i lójú. Ó fi í sílẹ̀.

Mọ́nsúrátù ti kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dìde. Mo sọ ọ́ ní Júlà kí gáádì náà lè gbọ́.

Gáádì ní bí òun bá tún rí òwú níbí, òun á mú baálé wa lọ ṣiṣẹ́ tipátipá lójú ọ̀nà. Ó ní èyí tí òun mú yìí, wọn yóò wọ̀n ọ́n.

Mo ní, “Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa.”

Àìkú, 6 Fẹ́búrúárì

Bàbá Àmínù ní kí a dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ń bà á, n kò sì bá a wí, nítorí ẹni tí wọ́n bá kó lọ ṣe ojú ọ̀nà lè má padà bọ̀ bó ṣe lọ. Ó ní bóyá kí dókítà kúkú gé e, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ kan ṣòwò, pé òun á máa gbé mi lọ sọ́jà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un pé èmi kò bí ẹsẹ̀ yìí fún dókítà, n kò sì bí i fún gáádì. Mo ní abọ́ kan ṣẹ́kù. Mo ní kó ti ilẹ̀kùn òde, kó máa tì í, kó sì fi mí sílẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 9 Fẹ́búrúárì

Láti inú abọ́ adìẹ la ti gé irúgbìn fún gbogbo àwọn yòókù. Oyin tán, Bodokro sì jìnnà. Ní ọ̀sán Àáfà Hàmídù rán ìkòkò oyin kan sí wa, kò rán ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Ìròyìn ọjà tí Mọ́nsúrátù gbọ́ ni pé gáádì yẹn gbé awọ wa dé ibi ìwọ̀n, oòrùn ti gbẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ó ti súnkì, ó di nǹkan tín-ín-rín bíi bébà. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n lójú gbogbo àwọn Baúlé tó wá wọn òwú. Ìwọ̀n kò mì. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi lé wọn sẹ́yìn. Mọ́nsúrátù sín in jẹ fún mi, ó ṣe bí gáádì, ó ṣe bí ìwọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí.

Àìkú, 20 Fẹ́búrúárì

Ọyẹ́ ti ń rọ. Awọ pọ̀. Ẹsẹ̀ mi ní àwọ̀ tuntun láti orúnkún wá sísàlẹ̀, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì lanu lókè ọrùn ẹsẹ̀. Mo máa ń wò ó bí ẹni ń wo agbowó orí.

Ìṣẹ́gun, 22 Fẹ́búrúárì

Dókítà dé lánàá, ó wá lónìí. Eruku Marabadiassa ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó gbé àpótí irin rẹ̀ wá, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò wò ó.

Ọlábọ̀dé ṣí ẹsẹ̀ náà. Dókítà kúnlẹ̀ sórí ẹní wa. Ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lára. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ lára. Bàbá Àmínù ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó sì ń ṣì í kà.

Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Ọlábọ̀dé gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ sì yí padà nígbà tó ń túmọ̀ rẹ̀.

“Ìyá, ó ní ẹsẹ̀ náà ti di tiyín padà.”

Mo ní kó sọ fún un pé kò fìgbà kan di ti ẹlòmíràn. Ọlábọ̀dé kò túmọ̀ ìyẹn, mo rò. Ṣùgbọ́n dókítà rẹ́rìn-ín.

Ó lọ wo ilé ìdáná. Ó dúró pẹ́ lórí abọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, kò fọwọ́ kàn án, ó bi wá nípa tíì, ó bi wá nípa eérú, ó ní òun kò mọ̀ pé ó lè nípọn tó bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lọ, ó ní ọkùnrin kan wà nílé ìwòsàn, ará ìtòsí Bodokro, iná tí wọ́n fi ń dáko òwú ló ká a mọ́, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló lọ. Kò sí báńdéèjì. Ó béèrè bóyá a ní tó pọ̀ sí i. Ó béèrè bí ẹni ń béèrè omi.

Jímọ̀, 25 Fẹ́búrúárì

Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì lọ.

Mọ́nsúrátù fẹ́ gbé abọ́ náà fún mi. Bàbá Àmínù fẹ́ kí n gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù. Ọlábọ̀dé ní díẹ̀díẹ̀ ni kí n máa rìn. Mo ní kí gbogbo wọn fi mí sílẹ̀. Mo to awọ funfun náà sínú abọ́ tánganran tó ṣẹ́kù tí gáádì kò fọwọ́ kàn, mo bu omi gbígbóná tó ti lọ́ sí i, mo fi aṣọ mímọ́ bò ó, mo gbé e rù. Ibi tó ṣì lanu lókè ọrùn ẹsẹ̀ ń ta mí ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kó máa ta.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá. Àwọn tó ti ń pè mí ní ẹlẹ́sẹ̀ kan lẹ́yìn dìde dúró níbi àtẹ wọn. N kò kí wọn lákọ̀ọ́kọ́.

Gáádì náà wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, lábẹ́ igi máńgòrò, pẹ̀lú méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ó wo abọ́ orí mi, ó wo ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú àpá pupa rẹ̀, ó ní kí n dúró, kí ni mo rù.

Mo dúró. Mo sọ ọ́ ní Júlà, ketekete, kí àwọn méjì yòókù lè gbọ́.

Mo ní, “Òwú ni. Ẹ gbé ìwọ̀n wá.”

Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ti ń pa ẹnu mọ́ láti má rẹ́rìn-ín. Gáádì náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Bodokro.